Ìlà Mẹ́rin Nínú Oríkì Ilésanmí

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Agége. Mo ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò, mo sì ti fi bírò pupa fa igi sí ìdáhùn àwọn ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àṣé èmi tí mò ń fa igi gan-an ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Oyinadé lorúkọ mi. Ọmọ Èkìtì ni mí, olùkọ́ Yorùbá ni mí, ìyàwó Bùsáyọ̀ ọmọ Ilésanmí ni mí, ilé bàbá ọkọ mi ní Onígbòǹgbò la sì ń gbé. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ bi wọ́n pé ta ló mọ èèyàn kì jù, wọn ò ní dá orúkọ méjì fún yín. Ọ̀gá ilé ìwé wa fẹ́ fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ nígbà kan. Mo kì í láti orí ilẹ̀ dé òkè àjà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé náà. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Mo fẹ́ràn ohùn ara mi.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní oríkì ilé Ilésanmí kí wọ́n tó kú. Oríkì náà gùn, ó kún fún àwọn bàbá ńlá tó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin tó parí rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ti bàbá ọkọ mi ni, Bàbá Ilésanmí fúnra wọn, tí wọ́n ṣì wà láàyè, tí wọ́n pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìyá tó bí Bàbá ló hun ún fún wọn lọ́dún tí wọ́n ti ogun Bìáfírà dé:

Ó wọ Ògbèúdàlá, àkùkọ gbàgbé à-ń-kọ;
Ó ní kí ọkùnrin tò, ọkùnrin tò bí èbù;
Òjò ò rọ̀, ilẹ̀ tutù;
Ilésanmí rìn kọjá, aṣọ ò lábàwọ́n.

Láràárọ̀, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń kì wọ́n. Bí mo bá ti dé Ògbèúdàlá, Bàbá a wúkọ́, wọn a kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé orí wọn ló ń wú. Mi ò bi wọ́n rí pé ta ni àwọn ọkùnrin tó tò yẹn. Ǹ bá sọ pé mo rò pé sọ́jà bíi tiwọn ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Mi ò ro nǹkan kan. Ó dùn ún wí, mo sì ń wí i.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Olúwadémiládé, ló gbé lápútọ́ọ̀pù tó bàjẹ́ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tó sì gbé ọkọ bọ̀. Emmanuel lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ní sùúrù, bó bá jẹun nílé wa a fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Obiageli, ló tọ́ ọ dàgbà ní Agége. Ará Delta ni wọ́n, lára àwọn tó ń sọ Ìgbò ní ìhà ibí odò Ọya.

Ẹ sì mọ̀ wá, àwa kì í fọmọ fọ́kọ láìṣèwádìí. Ṣé olè wà níbẹ̀? Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Mo lọ jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn bí àlejò lásán. Mo wá àwọn obìnrin tó bá Màmá ṣiṣẹ́ rí lọ, nítorí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Gbogbo wọn ní Màmá kò jalè rí, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, àfi ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ kan fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ tí Màmá sì da páálí dé e lórí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gidigidi. Mo padà wálé, mo kéde pé ìdílé wọn mọ́. Nígbà tí mo béèrè orúkọ ìlú wọn, Démiládé ní abúlé kékeré kan ni létí odò, pé mi ò lè mọ̀ ọ́n. Mi ò tún béèrè mọ́. Kò sì sọ sí mi lọ́kàn pé ilé tiwa ló yẹ kí ẹnì kan wádìí.

Ọjọ́ Sátidé, agogo mọ́kànlá àárọ̀, ni wọ́n wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kí wọ́n tó dé, Démiládé wọlé bá mi níbi tí mo ti ń ro ọbẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má perform lónìí o."

"Ìgbà wo ni mo máa ń perform?"

"Mummy."

"Ó ti tó. Mo gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n: Emmanuel, Màmá Obiageli, pásítọ̀ wọn àti ẹbí mẹ́ta. Màmá rẹlẹ̀, wọ́n tín-ínrín, wọ́n sì kí Bàbá ní Yorùbá tó já gaara. "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnáwó." Gbogbo wa pa àtẹ́wọ́. Yorùbá ilé iṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n kọ́ láàárín obìnrin tó ń bú ara wọn lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò dé. Bàbá ti ṣe ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ géètì rí ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní àdúgbò kan náà, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ fèrè tó máa ń dún ní agogo méje, àti omi tó máa ń bo títì, àti bí òórùn bisikíìtì ṣe máa ń gba ojú ọ̀nà kan tí ebi á fi máa pa ẹni tó ti jẹun yó. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀.

Pásítọ̀ gbàdúrà. Ọkọ mi fi ẹbí wa hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe kan Bàbá, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, mo sì gbẹ́nu lé Ilésanmí láti ìran karùn-ún. Démiládé bojú. Ọ̀kan nínú ẹbí Emmanuel gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò mi, mo sì yíjú sí i kó lè rí mi dáadáa. Mo kì, mo kì, mo dé Ògbèúdàlá, mo parí, gbogbo ilé ní "Yéè!"

Màmá Obiageli gbé ife ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí. "Tún ti ìparí yẹn wí."

Ẹ wò ó, bí mo bá ń sọ ibi yìí, ara mi máa ń gbóná títí di òní. Inú mi dùn. Mo rò pé ó wọ̀ wọ́n lára ni. Mo gbá gèlè mi mú, mo gbé ohùn sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì tún ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì. Nígbà tí mo dé "ọkùnrin tò bí èbù," mo na ọwọ́, mo fi ìka tọ́ka sílẹ̀, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe tò.

Nígbà tí mo ṣe tán, èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ògbèúdàlá yẹn, ìlú mi ni," ni Màmá wí. Wọn ò pariwo. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Àwọn sọ́jà ní kí gbogbo ọkùnrin wá sí pápá iléèwé, pé àwọn fẹ́ pín iyọ̀. A ò tí ì fojú rí iyọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bàbá mi mú abọ́ dání lọ."

Màmá yíjú sí Bàbá.

"Ìwọ ni?"

"Ìwọ" ni wọ́n pe Bàbá, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí. Bàbá wúkọ́, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ti ń wò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Bùsáyọ̀ ọkọ mi dìde, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Màmá, ẹ má bínú mà. Ogun ni. Oríkì lásán sì ni, àwọn obìnrin ilé ló máa ń fi iyọ̀ sí i."

Ó mẹ́nu kan iyọ̀. Mo mọ̀ pé kò fi ṣe ẹ̀sín, ẹ̀rù ló bà á, ṣùgbọ́n mo rí bí ojú Màmá ṣe yí padà. Wọ́n dìde, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún Emmanuel ní èdè wọn, gbogbo wọn sì jáde. Agbọ̀n èso tí wọ́n gbé wá wà lórí tábìlì títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú rẹ̀ fi dúdú. Kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó láyà láti dà á nù.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ nípa ara mi. Ìtìjú tó kọ́kọ́ mú mi kì í ṣe ti òkú. Fídíò yẹn ni mò ń rò. Mò ń ro ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ tí wọ́n bá gbọ́ pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ Oyinadé tú ká, pé ẹnu Oyinadé ló tú u. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó ronú kan abọ́ tí bàbá Màmá mú dání.

Démiládé ò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Emmanuel ò gbé ìpè rẹ̀.

"Mummy, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Every morning. Ẹ ò bi wọ́n rí pé àwọn wo ni?"

"Mi ò bi wọ́n."

"Èmi náà ò bi yín," ni ó wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Láàárọ̀ Monday, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá. "Ẹ káàárọ̀ sà." Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà, ó fẹ́ máa lọ, mo sì fi eyín dá a dúró.

"O ò kì mí," ni Bàbá wí.

"Rárá, sà."

"Ó dáa." Wọ́n rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Jókòó, ìyàwó."

Mo jókòó sílẹ̀. Bàbá wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

"Nígbà tí mo ti ogun dé, mi ò lè jẹ iyọ̀. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá gbé wá, mo ti pọ̀ ọ́. Ìyá mi ní kí ló ṣe mí. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí a ṣe pè wọ́n, bí wọ́n ṣe mú abọ́ dání, bí a ṣe ní kí wọ́n tò kí iyọ̀ lè kárí. Bí mo ṣe yin ìbọn títí ó fi jó mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ kó lè bá mi sunkún. Ó fò sókè, ó ní òun bí akọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ ọ́ di oríkì, ó ti ń kì mí lójú agbo."

"Ẹ ò ní kí wọ́n dákẹ́ ni, Bàbá?"

"Tí mo bá ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Kí ni màá wí? Gbogbo ìlú ló ń yẹ́ mi sí. Ìyá mi kì mí títí ó fi kú. Ìyàwó mi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìwọ dé, ohùn tìrẹ tún wá dára ju tiwọn lọ." Wọ́n gbé ojú sókè. "Láràárọ̀ lò ń kà á sí mi létí. Kò sí èébú tí ẹnì kan bú mi rí tó tó ìyìn yẹn."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ẹsẹ̀ wọn. Mo wá ohun tí mo lè fi gbè wọ́n, nítorí bàbá ọkọ mi ni, wọn ò sì ṣẹ̀ mí rí.

"Ṣé wọ́n pàṣẹ fún yín ni, sà?"

"Wọ́n pàṣẹ. Àwọn méjì kọ̀ láàárín wa. Wọ́n nà wọ́n lẹ́gba, wọ́n gba owó oṣù kan lọ́wọ́ wọn. Ó tán. Èmi náà mọ̀ nígbà yẹn pé ẹgba lásán ni. Má fi àṣẹ gbè mí."

Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí Agége. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní àgbàlagbà kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ẹ̀tẹ́, ó ní kí a fi pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n. Mi ò bá a jiyàn, ohun tó tún yà á lẹ́nu nìyẹn. Ní ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, mo háyà ọkọ̀, mo sì ti Bàbá lẹ́yìn wọ inú rẹ̀.

Ilé tí Màmá Obiageli ń gbé kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá mẹ́rin dojú kọ mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Màmá jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú ìgbátẹ́. Ẹni tó jókòó tì wọ́n, tí òun náà ń ṣa ẹ̀wà, tí kò gbójú sókè nígbà tó rí wa, Démiládé ni. Ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láti ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ Monday. Kò sọ fún wa.

Bàbá fi ọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Má dọ̀bálẹ̀," ni Màmá wí. "Bí arúgbó bíi tìẹ bá dọ̀bálẹ̀ níbí, gbogbo ará ilé á jáde. Wọ́n á ní kí n gbé ẹ dìde, wọ́n á ní kí n sọ pé mo ti gbọ́. Dúró níbẹ̀ kí o sọ ọ́."

Bàbá dúró. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ò jáde, ni mo bá ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Màmá, ohun tí Bàbá fẹ́ sọ mà ni pé..."

"Ìwọ, dákẹ́. Ẹnu ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

Bàbá sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì sọ ti àwọn méjì tó kọ̀. Ẹnì kan ń gbé omi kọjá, ó kí wa, a kí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, Màmá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Abọ́ wọn ńkọ́?"

"Ó wà nílẹ̀ mà. A tẹ̀ ẹ́ kọjá."

"Mà" ni Bàbá pe obìnrin tí wọ́n fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù. Màmá mi orí. Wọ́n mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, wọ́n sọ ọ́ nù.

"Ọmọ yìí ò bẹ̀ mí," ni wọ́n wí, wọ́n ń tọ́ka sí Démiládé. "Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ rèé, kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń bá mi ṣa ẹ̀wà. Ó lè fẹ́ Emmanuel. Ìwọ Bàbá, o ò ní wá síbi ìgbéyàwó wọn."

"Mo gbọ́, mà."

Omi bọ́ lójú Démiládé sínú ìgbátẹ́. Èmi náà fẹ́ sunkún ayọ̀, mo ti gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúpẹ́, nígbà tí Màmá pè mí.

"Wá."

Mo súnmọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbá mi létí, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi.

"O mọ èèyàn kì," ni Màmá wí.

"Ẹ dákun, mà, ẹ forí jì mí."

"Mi ò ní kí o bẹ̀ mí. Nwanze lorúkọ bàbá mi. Kì í."

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Nwanze," ni mo wí. Mo wá ọ̀rọ̀ tó kàn, mi ò rí i. Mi ò mọ ọmọ ta ni. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ràn, mi ò mọ ẹni tó ràn lọ́wọ́, mi ò mọ bó ṣe ń rìn. "Màmá, ẹ dákun, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo mọ̀ pé ó ga. Mo mọ̀ pé ó máa ń gbé mi sí èjìká bí odò bá kún. Abọ́ yẹn ni mo rántí ju ojú rẹ̀ lọ."

"Ṣé kò sí ẹni tí ẹ lè bi ni, mà? Àwọn àgbà ìlú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?" Màmá wò mí. "Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló bá a tò."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá dúró lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ èémí wọn. "Nwanze," ni mo tún wí. Màmá ti gbé ìgbátẹ́ sílẹ̀, wọ́n dojú kọ mí, wọ́n ń retí ìlà tó kàn.